Oníduùró, ìwé ọlọ́pàá, àbí ìpè fóònù: èwo ni kí ilé-ìwé fi wádìí òṣìṣẹ́ tuntun?

Láti ìparí oṣù Kẹjọ títí wọ ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án ni ìgbanisíṣẹ́ máa ń gbóná jù ní àwọn ilé-ìwé aládàáni wa. Tíṣà kíláàsì kẹta ti rí iṣẹ́ ìjọba, náànì ti bímọ, dírẹ́bà ti fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀ ó ti lọ ń wa Bolt, ìwọlé sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba géètì wọlé pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí NCE lọ́wọ́ àti ẹ̀rín lẹ́nu, òun náà ni wọ́n máa ní kó bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ẹni tó ń wá ọ̀nà láti dé ọ̀dọ̀ ọmọdé mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, inú ìkánjú wa ló sì ń gbà wọlé.

Ọ̀nà márùn-ún ni àwọn ilé-ìwé ní Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ sábà ń gbà wádìí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà: oníduùró, ìwé-ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, àkọsílẹ̀ orúkọ tí ìjọba ń tọ́jú, ilé-iṣẹ́ tó ń báni ṣèwádìí, àti ìwádìí tí ilé-ìwé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Owó wọn ò dọ́gba, ohun tí wọ́n lè rí ò sì dọ́gba. Mo máa gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì ní díbọ́n pé gbogbo wọn ló tẹ́ mi lọ́rùn bákan náà.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Owó ni ọ̀pọ̀ onílé-ìwé máa kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sí ipò kẹta. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, kí ni ọ̀nà yìí lè rí? Ọ̀nà kan lè mú olè, kó má mọ ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lára. Òmíràn lè mọ ẹni tí adájọ́ ti dá lẹ́bi, kó má mọ ẹni tí wọ́n rọra ní kó máa lọ.

Èkejì, ta ni ọ̀nà náà kàn? Tíṣà nìkan kọ́ ló ń bẹ nínú ọgbà. Màígáádì ló ń jókòó ti ọmọ tí wọn ò tètè wá mú títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Náànì ló ń pààrọ̀ páńpáàsì. Dírẹ́bà ló ń wà pẹ̀lú ọmọ tó máa bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ tún ka kóòṣì bọ́ọ̀lù tó ń wá lọ́jọ́ Ẹtì, àgùnbánirọ̀, ìyá tó ń se oúnjẹ, àti ayàwòrán ọjọ́ eré ìdárayá tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ pé.

Lẹ́yìn ìyẹn la wá kan owó àti ọjọ́ tí yóò gbà. Ẹ̀kẹrin ni ohun tó máa kù sínú fáìlì. Ní 2016, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, Akínwùnmí Ambode, fọwọ́ sí àṣẹ kan lórí ààbò ọmọdé, tó ní kí àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ tàbí tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn ní ìlànà ààbò ọmọ. Bí ìjọba bá dé lọ́la tó ní kí ẹ fi hàn òun bí ẹ ṣe gba ẹni yìí síṣẹ́, ìwé wo lẹ máa fà yọ?

Ohun kan tún wà tó ń ba gbogbo ọ̀nà yìí jẹ́, òun ni ìdákẹ́. Ìwádìí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF àti CDC, àjọ ìlera ti Amẹ́ríkà, ní 2014 fi hàn pé nínú ọmọbìnrin mẹ́rin ní Nàìjíríà, ó tó ọ̀kan tí wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ kó tó pé ọmọ ọdún 18. Nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá, ó tó ọ̀kan. Ẹ fi èyí wé iye ẹjọ́ tí ẹ ti gbọ́ pé ó dé ilé-ẹjọ́ rí. Ìtàn tó wà láàárín méjèèjì kò ṣàjèjì sí wa. Wọ́n ká ọkùnrin kan mọ́ ọn. Òbí ọmọ ní òun ò fẹ́ kí ayé gbọ́ torí ọkọ tí ọmọ òun máa fẹ́ lọ́la. Onílé-ìwé ní òun ò fẹ́ kí àwọn òbí yòókù kó ọmọ wọn lọ. Pásítọ̀ ní kí wọ́n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ọkùnrin náà gba owó oṣù rẹ̀, ó kọjá sí àdúgbò kejì, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Kò sí ìwé ìjọba kankan tó gbọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀nà tí kò bá lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má gbára lé e nìkan.

Oníduùró

Gbogbo wa la mọ fọ́ọ̀mù yìí. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, ẹ̀dà ìwé owó iná NEPA, oníduùró méjì: kí ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ipele kẹjọ sókè, kí èkejì jẹ́ aṣáájú ẹ̀sìn tàbí baálẹ̀. Kò ná ilé-ìwé ní nǹkan kan ju owó tí wọ́n fi tẹ fọ́ọ̀mù lọ. Láàárín ọjọ́ méjì ó ti parí, ó sì kan gbogbo ènìyàn, láti orí ọ̀gá tíṣà dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ilé-ìwé tí kò lò ó.

Ẹ gbé fọ́ọ̀mù tiyín jáde kí ẹ tún un kà. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé oníduùró gbà láti san owó tàbí dúkìá tí òṣìṣẹ́ náà bá jí, tàbí tó bá bàjẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ owó ni wọ́n ṣe é fún. Kò síbi tí wọ́n ti bi oníduùró pé: ṣé ẹ lè fi ẹni yìí sílẹ̀ nílé pẹ̀lú ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́ta, kí ẹ sì lọ sọ́jà pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀? Bí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé bá sọnù, a mọ ẹni tá a máa lọ bá. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọmọ ńkọ́? Fọ́ọ̀mù ò sọ nǹkan kan.

Wàhálà kejì ni pé oníduùró lè má mọ ẹni tó ń dúró fún. Pásítọ̀ tó fọwọ́ sí i lè mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wọ ẹgbẹ́ akọrin ní oṣù tó kọjá. Àǹtí rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n àǹtí wo ló máa tú àṣírí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti jókòó sílé láìníṣẹ́? Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n sọ ọ́ di òwò: san nǹkan díẹ̀, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á so káàdì ìdánimọ̀ ibi iṣẹ́ wọn mọ́ ọn.

Síbẹ̀ mi ò ní kí ẹ sọ fọ́ọ̀mù yìí nù. Fún màígáádì tàbí ìyá alásè tí kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan tá a lè tọpasẹ̀, oníduùró ló máa jẹ́ ká mọ ilé tó ń gbé àti àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹ tún un ṣe ni. Ẹ fi ìbéèrè nípa ọmọdé sí i: ọdún mélòó lẹ ti mọ̀ ọ́n? Ṣé ó ti gbé nínú ilé tí ọmọdé wà rí? Ṣé ẹ ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn kàn án nípa ọmọ? Kí oníduùró méjèèjì má wá láti inú ẹbí kan náà tàbí ìjọ kan náà. Kí ẹnì kan láti ilé-ìwé sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibi iṣẹ́ oníduùró. Ọ̀pọ̀ ayédèrú ló máa já síbẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá

Ẹni tó bá ti wá físà iṣẹ́ rí mọ ìwé yìí. Ẹ̀ka àkọsílẹ̀ ọ̀daràn ti ọlọ́pàá ní Alágbọn, Ìkòyí, ni wọ́n máa ń lọ fún un. Ní báyìí, orí POSSAP, póótà ọlọ́pàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lèèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀, á sanwó, á sì lọ tẹ̀ka.

Agbára rẹ̀ wà nínú ìtẹ̀ka yẹn. Orúkọ lè yí padà. Ìka kì í yí. Ó tún kan gbogbo ènìyàn, kì í ṣe tíṣà nìkan, ó sì jẹ́ ìwé tó dúró gbọn-in nínú fáìlì. Àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré lójú ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ò tó ra àpò ìrẹsì. Bí ẹ bá ní kí náànì san án lápò ara rẹ̀, kò ní padà wá mọ́. Tó bá jẹ́ ìwé yìí lẹ fẹ́, ilé-ìwé ni kó san án, kó sì wà nínú ìṣúná ọdún.

Ibi tó kù sí ni pé ohun tó dé etígbọ̀ọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, tí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní pálọ̀ onílé-ìwé, máa gba ìwé-ẹ̀rí tó mọ́ tónítóní. Ọjọ́ tí wọ́n gbà á sì ni agbára rẹ̀ mọ. Ní Brazil, òfin 14.811 tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2024 ní kí ilé-ìwé máa ní ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀daràn tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Lọ́dọ̀ wa, bí ilé-ìwé bá tiẹ̀ gbà á, ẹ̀ẹ̀kan náà ni, ó di inú fáìlì títí ẹni náà á fi lọ. Ẹ má sì gba fọ́tòkọ́pì. Ojúlówó ni kí ẹ rí, kí ẹ sì bá àwọn tó fún un ṣàyẹ̀wò rẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú tàbí iṣẹ́ tíṣà ní London á sọ pé DBS tiwọn, àjọ tó ń yẹ àkọsílẹ̀ ọ̀daràn òṣìṣẹ́ wò níbẹ̀, jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ìdí sì wà. Ní oṣù Kẹjọ 2002, ní ìlú Soham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ian Huntley pa ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Alábòójútó ọgbà ilé-ìwé ni, kì í ṣe tíṣà. Ìwádìí tí Sir Michael Bichard darí, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2004, fi hàn pé ẹ̀sùn nípa òun àti àwọn ọmọbìnrin ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá léraléra ní agbègbè mìíràn. Kò sí ìkankan nínú ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ wọ̀nyẹn tó yọrí sí ìdálẹ́bi. Orúkọ mìíràn, Nixon, ló sì ń jẹ́ nígbà tó wá iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún gbogbo ètò ìwádìí wọn ṣe. DBS fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2012. Ipele rẹ̀ tó jinlẹ̀ jù lè gbé ohun tí ọlọ́pàá mọ̀ jáde bí kò tiẹ̀ tíì di ìdálẹ́bi. Tiwa kò ní irú ipele yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ìwé kan tó ní èdìdì pupa mú yín rò pé ẹ ti ṣe ohun tí àwọn ará London ń ṣe.

Àkọsílẹ̀ orúkọ tí ìjọba ń tọ́jú

Mẹ́ta ló wúlò. Àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tó hùwà ìbálòpọ̀ tó lòdì sófin, tí NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ṣí ní oṣù Kọkànlá 2019. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ẹ máa fi wo orúkọ àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní tirẹ̀ lọ́dọ̀ DSVA, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀. Ẹ̀kẹta ni TRCN, àjọ tó ń forúkọ tíṣà sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1993, tó sì ní ìgbìmọ̀ tó ń bá tíṣà tó bá hùwà àìtọ́ wí. Tó bá sọ pé tíṣà lòun, ẹ béèrè nọ́ńbà TRCN rẹ̀ kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n TRCN ò mọ màígáádì, kò mọ náànì, kò mọ dírẹ́bà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń ba eléyìí jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Adébáyọ̀ lorúkọ rẹ̀ lórí ìwé-ẹ̀rí ìbí, Báyọ̀ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, Samuel ló ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, Uncle Sam ni àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sí. Èwo lẹ máa tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà? Ẹ fi NIN rẹ̀ ṣáájú. Nọ́ńbà oní-11 yẹn máa jẹ́ kí ẹ rí orúkọ tó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àti fọ́tò rẹ̀, kí ẹ tó máa wá gbogbo orúkọ tó ń jẹ́ nínú àkọsílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ obìnrin tó ti relé ọkọ, orúkọ bàbá rẹ̀ náà yẹ kí ẹ wá.

Ọ̀fẹ́ ni, kò gba àkókò, kò sì sí àwáwí fún ilé-ìwé tí kò bá ṣe é. Ìdálẹ́bi nìkan ló ń fi hàn, ìdálẹ́bi ò sì pọ̀. Bí ẹ ò bá rí orúkọ ẹnì kan níbẹ̀, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹni mímọ́.

Ilé-iṣẹ́ tó ń báni ṣèwádìí

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n lọ wo àdírẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n bi fásitì bóyá ìwé-ẹ̀rí náà jẹ́ ojúlówó, kí wọ́n yẹ NIN wò, kí wọ́n sì kọ àbọ̀ ránṣẹ́. Iye orí òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń gbowó. Ilé-ìwé tó ń gba ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà máa rí ìsinmi níbẹ̀, àbọ̀ wọn sì máa ń dára nínú fáìlì. Ṣùgbọ́n báǹkì àti ilé-iṣẹ́ ńlá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè wọn ṣe rí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé: ta lẹ máa pè níbi tó ti ṣiṣẹ́ rí, kí lẹ sì máa bi wọ́n nípa ọmọdé? Bí wọ́n bá ń wò yín lójú, ẹ máa lọ.

Ìwádìí tí ilé-ìwé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe

Èyí ló wọ́n jù ní àkókò, kò wọ́n lówó, òun sì ni mo gbà pé ó lágbára jù. Ìdí rẹ̀ ni pé nínú gbogbo ọ̀nà márààrún, òun nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀mù. Ẹ má gba síífì nìkan, torí ohun tó wu oníṣẹ́ ló ń kọ síbẹ̀. Ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù tiyín, kí ó kọ gbogbo ibi tó ti ṣiṣẹ́, oṣù àti ọdún tó wọlé, oṣù àti ọdún tó jáde, àti ìdí tó fi jáde. Oṣù ni kí ẹ tẹjú mọ́. Tíṣà tó ń lọ síbi tó dára jù máa ń dúró kí táàmù parí. Èyí tó jáde ní oṣù Kejì, nígbà tí táàmù kejì wà ní ìdajì, tí kò sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di oṣù Kẹsàn-án, ó yẹ kó ṣàlàyé. Ó lè jẹ́ oyún. Ó lè jẹ́ pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, ìyẹn ò sì ṣọ̀wọ́n ní ilé-ìwé aládàáni. Ẹ kàn béèrè ni.

Lẹ́yìn náà ni ìpè. Ẹ má pe nọ́ńbà tó kọ sínú fọ́ọ̀mù, nítorí ó lè jẹ́ ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà ilé-ìwé náà fúnra yín, lára pátákó wọn, lórí ojú ewé wọn, tàbí lọ́wọ́ ẹ̀ka NAPPS, ẹgbẹ́ àwọn onílé-ìwé aládàáni, tó wà ládùúgbò yẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ máa ń lọ báyìí:

"Ẹ káàsán mà. Láti ilé-ìwé kan ní Ìkòròdú ni mo ti ń pè. Arákùnrin kan ní òun bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọmọ dáadáa ni. Ó mọ ìṣirò kọ́ gan-an."

"A dúpẹ́ mà. Tí àyè bá ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́la, ṣé ẹ máa gbà á padà?"

"Hùn... Ẹ̀yin náà ẹ gbà á wò, mà. Ẹ ṣáà máa fojú sí i lára."

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa dúpẹ́, wọ́n á pa fóònù. Ẹ má pa á. Ẹni tó wà lódì kejì kò fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, kò sì fẹ́ kí ọmọ mìíràn kó sí i. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ béèrè sí i. Ẹ bi í ní tààràtà: "Mà, ṣé ọ̀rọ̀ owó ni, àbí ọ̀rọ̀ ọmọ?" Ó rọrùn fún un láti dáhùn ìyẹn ju kó máa ròyìn lọ. Ẹ tún bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti fi ẹ̀sùn kàn án nípa ọmọ rí, kódà èyí tí wọn ò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, àti ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an sínú fáìlì. Nítorí òfin ààbò dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, ó dára kí ẹ ti jẹ́ kí oníṣẹ́ fọwọ́ síwèé ṣáájú pé òun gbà kí ẹ wádìí òun. Ẹni tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i ti dín iṣẹ́ yín kù.

Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí èèyàn méjì jókòó, kí ìbéèrè má jẹ́ "ṣé o fẹ́ràn ọmọdé?" Ta ló máa ní òun ò fẹ́ràn wọn? Ẹ gbé ọ̀ràn kalẹ̀. Ọmọ ọlọ́dún márùn-ún kan ní òun fẹ́ sọ nǹkan fún ọ, ṣùgbọ́n kí o ṣèlérí pé o ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni: kí lo máa ṣe? Ẹni tó dáhùn kíá pé òun máa ṣèlérí, òun máa pa á mọ́, yálà kò mọ̀ tàbí ó mọ̀ jù. Ẹni tó ní òun máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun máa sọ fún ọmọ náà pé bí ó bá jẹ́ ohun tó lè pa á lára òun máa sọ fún ọ̀gá, ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ tún wo bó ṣe máa dáhùn tí ẹ bá sọ fún un pé ní ilé-ìwé yín, tíṣà kì í gba nọ́ńbà fóònù ọmọ, kì í sì í dá nìkan gbé ọmọ nínú mọ́tò rẹ̀. Ẹni tó dára máa béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí òjò bá há ọmọ mọ́lé-ìwé. Ẹni tí ìlànà yẹn dí lọ́nà máa ní ẹ ti ń le jù.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ náà jẹ́ ara ìwádìí. Kò ní dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọ, kò ní mú ọmọ lọ sí ṣaláńgá, ilẹ̀kùn kíláàsì rẹ̀ máa ní gíláàsì tí a lè gbójú wò.

Ihò ńlá kan wà lára ọ̀nà yìí tí kò sí lára àwọn yòókù. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló wà. Bí ẹni tó ń wá iṣẹ́ bá jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá onílé-ìwé, tàbí ẹni tí alága ìjọ fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa pe ibì kankan. Ìwé ọlọ́pàá kò mọ àbúrò, kò mọ ẹ̀gbọ́n.

Ta ni kó mú èwo

Jẹ́lé-ó-sinmi àti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí: ẹ mú ìwádìí ọwọ́ ara yín àti àkọsílẹ̀ orúkọ ìjọba fún gbogbo ènìyàn, ẹ tún fọ́ọ̀mù oníduùró ṣe, kí ẹ wá gba ìwé ọlọ́pàá fún kìkì àwọn tó ń dá wà pẹ̀lú ọmọ: náànì, dírẹ́bà àti màígáádì. Bí ẹ bá ní láti yan láàárín ìwé ọlọ́pàá fún tíṣà àti fún dírẹ́bà, dírẹ́bà ni kí ẹ san án fún.

Ilé-ìwé tó ní họ́sítẹ́lì fún àwọn ọmọ kò ní ohun tó ń yàn. Gbogbo rẹ̀ ni, pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá tí wọ́n ń tún gbà látìgbàdégbà, kò sì sẹ́ni tó máa sùn sínú ọgbà kí ìwé rẹ̀ tó pé. Àárín òru ò ní tíṣà mìíràn tó lè gbójú wo gíláàsì.

Ilé-ìwé tó ń gba àwọn ará Britain: ìwé ọlọ́pàá Nàìjíríà kò lè sọ ohun tí wọ́n ṣe ní Manchester. Ìwé-ẹ̀rí ààbò ọmọ tí ACRO, ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ọ̀daràn ti ọlọ́pàá Britain, ń fún àwọn tó ti gbé Britain tí wọ́n fẹ́ bá ọmọdé ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n ń pè ní ICPC (kì í ṣe àjọ ICPC tiwa tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́), ni kí ẹ béèrè. Ọmọ wa tó ti gbé ibẹ̀ ọdún mẹ́wàá tó padà wálé náà yẹ kó mú un wá. Awọ funfun àti ohùn òyìnbó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá níwájú ọ̀gá ilé-ìwé láìsí ìbéèrè kankan.

Òbí tó ń wá tíṣà lẹ́sìnnì sílé: ẹ̀yin náà ń gba òṣìṣẹ́. NIN, kí ẹ sì pe òbí méjì tí ó ti kọ́ ọmọ wọn rí, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè "ṣé ẹ máa gbà á padà" yẹn. Pálọ̀ ni wọ́n á ti máa kàwé, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní kíláàsì ọmọdé, àti ilé-kéú: oníduùró ò wúlò púpọ̀ lọ́dọ̀ yín, nítorí ẹ̀yin gan-an ni oníduùró táwọn èèyàn ń lò. Ẹ pe ìjọ tàbí mọ́sáláṣí tó ti wá, kí ẹ sì jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ láàárín yín kí ẹ tó fi ọmọ lé e lọ́wọ́, bí ó ti wù kó mọ àdúrà gbà tó.

Ilé-ìwé tó ti lé ẹnì kan lọ nítorí ọmọ náà ní yíyàn tirẹ̀, torí lọ́jọ́ kan fóònù tiyín náà máa dún. Bí ẹ bá ti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà, tí ẹ sì ti fi tó DSVA tàbí ọlọ́pàá létí, ohun tó wà nínú fáìlì ni ẹ máa sọ, ẹnikẹ́ni ò sì lè ní ẹ fi ẹnu ba òun jẹ́. Ní Èkó, nọ́ńbà DSVA ni 08000 333 333, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ ò bá tíì kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ yìí ṣì wà níbẹ̀.